Ìrìn Àjò Ọlọ́jọ́ Díẹ̀: Ṣé Ká Sùn Sí Hòtẹ́ẹ̀lì Ni, Tàbí Ká Háyà Fúláàtì?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé ìṣòwò lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tó bá ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn nítorí ìnáwó. Ìgbéyàwó ń bẹ ní Houston, ìkómọjáde ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ kan ń gba oyè ìwé ní New York. Alẹ́ 2, alẹ́ 3, bó pẹ́ títí alẹ́ 5, a gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú, a máa ń wá èyí tó dínwó. Aṣọ ẹbí, a ti ń dá owó rẹ̀ jọ láti ìgbà tí wọ́n ti fi àwọ̀ rẹ̀ hàn wá. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó sùn, a máa ń fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni owó ti ń jò lọ láìròtẹ́lẹ̀.

Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ náà kò le tó báyìí. Ilé ẹbí la kọ́kọ́ ń wò. Bí ilé ẹbí bá kún, a wá hòtẹ́ẹ̀lì. Láti ọdún 2008 tí Airbnb ti bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco, ọ̀nà mìíràn ti gbòòrò: fúláàtì tàbí odidi ilé tí onílé fi ń háyà fún àlejò fún ọjọ́ díẹ̀, tí a sì ń sanwó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti rí i pé ó rọrùn: ilé ìdáná wà, pálọ̀ wà, àwọn ọmọ ń sáré kiri. Àwọn mìíràn sì ti san owó tó ju ti hòtẹ́ẹ̀lì lọ láìmọ̀, nítorí iye owó alẹ́ kan tí wọ́n rí lókè nìkan ni wọ́n fi yàn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ látinú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀. Ẹ má fi iye owó alẹ́ kan yan ibi tí ẹ ó sùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin ìlú náà sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ka orí, ẹ ka alẹ́, ẹ sì ka ìkòkò. Bí ẹ bá ka mẹ́ta yìí pé, ìdáhùn á fara hàn fúnra rẹ̀.

ÒFIN ÌLÚ LÀÁKỌ́KỌ́ BÉÈRÈ

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló gbà kí àlejò háyà odidi fúláàtì fún ọjọ́ díẹ̀. New York ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Local Law 18, èyí tí ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í mú ṣẹ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba àlejò olówó sílé fún àkókò tí kò tó 30 ọjọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ ilé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Onílé gbọ́dọ̀ wà nínú ilé náà pẹ̀lú àlejò. Àlejò tó ń sanwó kò gbọ́dọ̀ ju 2 lọ. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn inú ilé mọ́ àlejò náà.

Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé bàbá, ìyá àti ọmọ 3 kò lè háyà odidi fúláàtì fún alẹ́ 3 ní Brooklyn tàbí Bronx lọ́nà tó bá òfin mu. Ilé tí kì í ṣe fúláàtì, tó jẹ́ ti ìdílé 1 tàbí 2, náà wà lábẹ́ òfin yìí. Onílé ni ìjọba ń bu ìtanràn lé, kì í ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ dé, ẹ̀yin, màmá àgbà àti àwọn ọmọ lẹ ó dúró lójú títì pẹ̀lú báàgì, ní ìlú tí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ti lè tán tàbí kó ti gbówó lórí. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ní fúláàtì oníyàrá 3 tó ṣófo ní New York fún òpin ọ̀sẹ̀ kan, kó dínwó tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rọra ṣe. Ní ìlú yẹn, ẹbí tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ni ìdílé ńlá ní.

Àwọn kan máa ń sọdá odò lọ sí New Jersey, kí wọ́n lè máa wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ibi ìnáwó. Ó lè dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní òfin tirẹ̀. Àwọn ará Jersey City dìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 láti mú òfin irú ilé àlejò bẹ́ẹ̀ le sí i. Nítorí náà, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé náà kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀. Òfin ọdún 2015 tí wọ́n ń pè ní Deregulation Act gba onílé láyè láti fi odidi ilé rẹ̀ háyà ọlọ́jọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju 90 alẹ́ lọ láàárín ọdún kan. Bí ó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, àfi kó gba àṣẹ lọ́dọ̀ kánsù. Ìdílé lè háyà fúláàtì níbẹ̀, kò sì sí òfin tó ní kí onílé wà nílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ síta láàárín ara wa, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Fúláàtì tó jẹ́ ti kánsù tàbí ti ẹgbẹ́ onílé-àjùmọ̀ní kì í ṣe ohun tí ayálégbé lè fi ṣòwò. Láti ọdún 2013 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di ẹ̀sùn ọ̀daràn pé kí ayálégbé kúrò nínú ilé kánsù rẹ̀, kó sì fi odidi ilé náà háyà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó bá ṣe é lè pàdánù ilé, ó sì lè dé ẹ̀wọ̀n. Bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ wá sùn lọ́dọ̀ òun lọ́fẹ̀ẹ́, àlejò ẹ̀bí lẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó bá wọ̀ ọ́, tí onílé sì ti kó lọ síbòmíràn, ẹ má fi alẹ́ 3 ba ilé ọdún 20 ẹnìkan jẹ́.

Houston náà ti ṣe òfin tirẹ̀. Ní ọdún 2025 ni ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ilé tí wọ́n ń háyà fún àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ gba ìwé ìforúkọsílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2026. Níbẹ̀, ìdílé lè gba odidi ilé lọ́nà tó bófin mu, bí onílé bá ti forúkọ sílẹ̀. Àwọn àdúgbò kan sì tún ní àdéhùn tiwọn tó lè kọ irú àlejò bẹ́ẹ̀.

KÍKA ORÍ: ÈÈYÀN MÉLÒÓ LÓ Ń LỌ?

Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Amẹ́ríkà, tó bá ní bẹ́ẹ̀dì ńlá 2, sábà máa ń gba ẹni 4. Ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá kéré díẹ̀. Yàrá ìdílé ti Premier Inn, fún àpẹẹrẹ, àgbàlagbà 2 àti ọmọ 2 ló wà fún. Bí ẹ bá jẹ́ 4, yàrá 1 tó. Bí ẹ bá di 5 tàbí 6, yàrá 2 ni ẹ ó sanwó rẹ̀, ibẹ̀ sì ni fúláàtì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jọni lójú. Bí ẹ bá yan yàrá 2, ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù, kí ẹ béèrè yàrá tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, kí àwọn ọmọ má baà sùn ní apá ibòmíràn.

Nínú fúláàtì, ẹ má ka bẹ́ẹ̀dì nìkan. Àwọn onílé a máa kọ pé ilé gba ẹni 8, nígbà tó jẹ́ pé 2 nínú wọn á sùn lórí àga pálọ̀ tí a ń nà di bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ka balùwẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, tí gbogbo ilé fẹ́ wẹ̀, tí wọ́n fẹ́ lọ aṣọ, tí àwọn ìyá fẹ́ wé gèlè níwájú dígí, balùwẹ̀ 1 fún ẹni 8 máa ń sọ ìdílé di ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì 2 ní balùwẹ̀ 2.

Ẹ wo àgbà tó wà nínú yín pẹ̀lú. Bí bàbá tàbí màmá bá ń fà ẹsẹ̀, ẹ béèrè bóyá lífítì wà, ẹ sì béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n pín sí fúláàtì kò ní lífítì. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, bí àgbà bá ṣàìsàn ní agogo 2 òru, ẹnì kan wà nídìí fóònù nísàlẹ̀. Ní fúláàtì, ẹ̀yin nìkan ni.

KÍKA ALẸ́: ỌJỌ́ MÉLÒÓ LẸ Ó LÒ?

Ibí yìí ni ìṣirò ti ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Fúláàtì a máa ní owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ alẹ́ 1 lẹ lò tàbí alẹ́ 10. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í gbà á lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí alẹ́ bá ṣe kéré tó ni owó yìí ṣe ń wúwo tó.

Ẹ jẹ́ ká fi Houston ṣe àpẹẹrẹ, fún ìdílé ẹni 6. Iye owó tí a kọ síbí wà fún ìṣirò nìkan, kì í ṣe ti ilé kan pàtó. Ká sọ pé yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ $130. Yàrá 2 jẹ́ $260 lálẹ́ kan. Ká sọ pé ilé oníyàrá 3 jẹ́ $220 lálẹ́ kan, pẹ̀lú owó ìtọ́jú ilé $160. Owó orí tí àlejò ń san ní Houston, tí a bá pa ti ìpínlẹ̀, ti ìlú àti ti àwọn tó kù pọ̀, jẹ́ ìdá 17 nínú 100, ilé àti hòtẹ́ẹ̀lì ló sì ń san án.

Alẹ́ 1: hòtẹ́ẹ̀lì $304.20, ilé $444.60.
Alẹ́ 2: hòtẹ́ẹ̀lì $608.40, ilé $702.
Alẹ́ 4: hòtẹ́ẹ̀lì $1,216.80, ilé $1,216.80.
Alẹ́ 6: hòtẹ́ẹ̀lì $1,825.20, ilé $1,731.60.

Ẹni tó wo $220 àti $260 nìkan á rò pé ilé ló dínwó láti alẹ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ alẹ́ kẹrin ni wọ́n tó dọ́gba. Ọ̀nà kúkúrú láti mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ yọ owó alẹ́ kan ti ilé kúrò nínú ti hòtẹ́ẹ̀lì, ó kù $40. Ẹ fi $40 pín owó ìtọ́jú ilé $160, ó di 4. Bí alẹ́ yín bá kéré sí 4, hòtẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ju 4 lọ, ilé. Bí owó alẹ́ kan ti ilé bá sì ju ti yàrá tí ẹ nílò lọ, ilé kò lè dínwó láéláé, iye alẹ́ yòówù kó jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó ní ọmọ 1 ṣe rí nìyẹn, nítorí yàrá 1 tó wọn.

Ṣùgbọ́n bí ìdílé 2 bá parapọ̀, tí wọn ì bá gba yàrá 3 ní $390 lálẹ́ kan, tí ilé kan náà sì gbà wọ́n, ilé ló dínwó láti alẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń gbé ẹrù dórí.

Ní New York, ẹ má gbàgbé owó orí hòtẹ́ẹ̀lì. Ó jẹ́ ìdá 14.75 nínú 100, pẹ̀lú $3.50 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Yàrá $200 di $233. Ní Lọ́ńdọ̀nù, owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ti wà nínú iye tí hòtẹ́ẹ̀lì kọ síta.

Òfin tuntun sì ti ràn wá lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ fi gbogbo owó tó jẹ́ dandan sínú iye tó kọ́kọ́ fi hàn wá. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2025, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọlọ́jọ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, àfi owó orí ìjọba tí wọ́n ṣì lè fi kún un nígbà tí a bá fẹ́ sanwó. Nítorí náà, ojú ewé ìkẹyìn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ti àkọ́kọ́.

KÍKA ÌKÒKÒ: ṢÉ Ẹ Ó DÁNÁ LÓÒÓTỌ́?

Ilé ìdáná ni ohun tí a máa ń sọ pé ó mú wa yan fúláàtì. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó gbé ìkòkò kaná. Bí ó bá jẹ́ ìnáwó ọjọ́ Sátidé lẹ bá lọ, tí ẹ dé ní alẹ́ Jímọ̀, ìrẹsì, mọ́ín-mọ́ín àti iyán wà níbi àríyá. Wọ́n á tún di díẹ̀ fún yín lọ sílé. Ọjọ́ Àìkú, ẹ ti wà lọ́nà. Ẹni tó ń lọ jẹun lóde, kí ló fẹ́ fi ilé ìdáná ṣe? Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan sì ń fún àlejò ní oúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó jẹ́ owó gidi fún ẹni 6.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ 5 pẹ̀lú àwọn ọmọ, tàbí pé ẹ mú òbí tí dókítà ti ní kó má jẹ iyọ̀ àti oúnjẹ tó lọ́ràá dání, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí oúnjẹ alẹ́ níta bá jẹ́ $15 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni 6 á ná $90. Bí ìkòkò ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ tí ẹ fúnra yín sè bá ná yín ní $35, ẹ ti fi $55 pamọ́ lálẹ́ kan. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ata, iṣu àti ẹ̀fọ́ wà ní Rye Lane ní Peckham àti ní ọjà Ridley Road ní Dalston, nítorí náà kò sí ìdí láti ru gbogbo rẹ̀ látilé.

Ẹ rántí pé ilé olówó ni. Ata díndín a máa mú ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà han gooro, òórùn panla àti irú kì í sì tètè kúrò lára kọ́tìnnì. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bọ̀ ọ́ dípò kí ẹ dín in. Ọ̀rọ̀ àríyá ńkọ́? Airbnb fi òfin de àríyá nínú àwọn ilé tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2020, ó sì sọ ọ́ di òfin títí lọ ní ọdún 2022. Àlejò 20 tó yà kí yín lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ń jó dé òru, lè mú kí wọ́n lé yín jáde. Gbọ̀ngàn ìnáwó ni kí àríyá parí sí.

Ọ̀NÀ ÀÁRÍN

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ní ilé ìdáná kékeré nínú yàrá: fíríìjì, ẹ̀rọ ìdáná, abọ́ àti ìkòkò. Ní Amẹ́ríkà, Residence Inn tó bẹ̀rẹ̀ ní Wichita ní ọdún 1975 jẹ́ ọ̀kan, Homewood Suites náà sì wà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Citadines àti Staycity ń ṣe irú rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lójú òfin, nítorí náà ìdílé lè lò wọ́n ní New York láìsí ìbẹ̀rù. Ẹnì kan wà níbi ìgbàlejò, balùwẹ̀ mọ́, ẹ sì lè se ògì ọmọ. Yàrá wọn lè gbówó lórí díẹ̀ ju ti hòtẹ́ẹ̀lì lásán lọ, ṣùgbọ́n kò sí owó ìtọ́jú ilé àkànṣe fún ọjọ́ díẹ̀ bíi ti fúláàtì.

KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́ YÍN

1. Ẹ má sanwó síta ìkànnì tí ẹ ti rí ilé náà. Bí onílé bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí òun tààrà nípasẹ̀ báǹkì tàbí Zelle kí òun lè dín in kù, ẹ sá. Bí ilé náà kò bá sí, owó yẹn ṣòro láti gbà padà.

2. Ẹ ka ọjọ́ tí ẹ lè yí ọkàn padà dà láìpàdánù owó. Ìsìnkú lè yẹ̀, físà lè pẹ́. Yàrá tó fi díẹ̀ wọ́n, tí a lè fagi lé títí di ọjọ́ kan ṣáájú, lè sàn ju èyí tó dínwó tí owó rẹ̀ kì í padà.

3. Ẹ béèrè aago tí ẹ lè wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, agogo 3 ọ̀sán ni. Bí ọkọ̀ òfuurufú yín bá balẹ̀ ní agogo 7 àárọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì sábà máa ń bá yín tọ́jú ẹrù. Fúláàtì lè ṣàìrí ẹni gbà á.

4. Hòtẹ́ẹ̀lì lè dá owó díẹ̀ dúró lórí káàdì yín títí ẹ ó fi lọ. Bí ó bá jẹ́ káàdì tó ń fa owó tààrà látinú àkáǹtì lẹ lò, owó náà lè pẹ́ ọjọ́ mélòó kan kó tó padà. Ẹ má jẹ́ kí ó bá owó rẹ́ǹtì yín pàdé.

5. Ẹ wo ibi tí ilé wà sí ibi ìnáwó. Owó táàsì alẹ́ 3, àlọ àti àbọ̀, lè jẹ gbogbo èrè tí ẹ rò pé ẹ jẹ. Ẹ béèrè owó ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú.

Ní kúkúrú, bí ẹ bá kéré sí 5, tí alẹ́ yín kò sì ju 3 lọ, tí oúnjẹ wà níbi tí ẹ ń lọ, hòtẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń dára jù. Bí ẹ bá pọ̀, tí ọjọ́ gùn, tí ẹ ó sì dáná, fúláàtì tó ní ìwé ìjọba ni. Bí ó bá jẹ́ New York, ẹ má wulẹ̀ wá odidi fúláàtì. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ fi wákàtí kan ṣe ìṣirò náà nígbà tí ìwé ìpè bá ti dé, kí ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ mọ ohun tí ẹ ó fi ṣe: ìyàwó ń jó, ó ń dúró de ẹni tó máa ná an.

Àlọ ire, àbọ̀ ire o.